Etí Òsì Bàbá Rẹ

14, Òpópónà Larch,
Saginaw, Michigan.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nínú oṣù Kẹwàá.

Denita, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ o. Mo mọ̀ pé lẹ́tà yìí yóò yà ọ́ lẹ́nu nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ àwa méjèèjì, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ kọjá ohun tí mo lè fi ẹnu sọ kí ohùn mi má gbọ̀n. Mo gbà á ládùúrà pé kó bá ọ nínú ara líle, kí oúnjẹ ibùdó ìkọ́ṣẹ́ yín yẹn má sì tíì sọ ọ́ di igi ìgbálẹ̀. Ní tèmi, mo dúpẹ́. Orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń bá mi ṣe awuyewuye bí òtútù ti ń wọlé. Igi ńlá iwájú ilé ti ń wọ́wé, kò sì sí ẹni tí yóò gbá a mọ́ báyìí tí bàbá rẹ ti lọ.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá lo bi mí pé ṣé màá wá fi báàjì sí ọ láyà lọ́jọ́ tí wọn yóò sọ yín di ọlọ́pàá. O ní ẹni tí kálukú bá fẹ́ràn jù ló ń mú wá. Mo ní kí o jẹ́ kí n lọ wo ìkòkò mi lórí iná. Denita, kò sí ìkòkò kankan lórí iná. Etí bẹ́ẹ̀dì ni mo jókòó sí tí mò ń wo ògiri. Láti ìgbà tí o ti sọ pé iṣẹ́ ọlọ́pàá lo fẹ́ ṣe ni mo ti ń dá ọ lóhùn bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun, o sì rò pé inú ló ń bí mi. Inú kò bí mi. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ó sì ní ọjọ́ kan pàtó tí ẹ̀rù náà ti bẹ̀rẹ̀, tí n kò sọ fún ọ rí.

Ṣé o rántí bí bàbá rẹ ṣe máa ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì? Àwọn ìyá ìjọ a máa ní kò sí ọkùnrin tó lóyàyà tó Odell Gaines. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ìdajì ẹ̀rín yẹn, kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ ni. Ilé ìyọ́rin ti jẹ etí òsì rẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá kan ló máa ń dúró tì, apá òsì rẹ̀ sì ni ẹ̀rọ náà wà ní gbogbo ọdún tó fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa, etí kan ṣoṣo ló mú bọ̀ wá sílé. Bí èèyàn bá bá a sọ̀rọ̀ láti apá òsì, yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà yóò yí èjìká rẹ̀ pátá kí etí ọ̀tún lè dé ọ̀dọ̀ onítọ̀hún. Ó ṣe é títí ó fi mọ́ ọn lára.

Lẹ́yìn ilé ìyọ́rin ló bẹ̀rẹ̀ sí í tún ẹ̀rọ amúlégbóná ṣe láti ilé dé ilé. O mọ bí àwọn òpópónà wọ̀nyẹn ṣe ṣófo nígbà náà. Ẹ̀ẹ̀mejì làwọn ìpáǹle dá a lọ́nà, wọ́n sì fọ́ ọ lórí nígbà kejì. Ó lọ kẹ́kọ̀ọ́, ó gba ìwé àṣẹ, ó sì ń gbé ìbọn kékeré kan sí ìbàdí ọ̀tún lábẹ́ ẹ̀wù. N kò fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá rántí ojú ibi tí wọ́n rán lórí rẹ̀, màá pa ẹnu mi mọ́.

Òfin ìpínlẹ̀ wa ní kí ẹni tó bá gbé ìbọn bẹ́ẹ̀ tètè sọ fún ọlọ́pàá tó bá dá a dúró, kí wọ́n tó bi í. Mo rántí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ nídìí tábìlì: "Verlene, èmi ni mo dúdú, èmi ni mo gbé ìbọn, èmi náà ni n ò gbọ́ràn. Ó yẹ ká kọ́ nǹkan yìí bí wọ́n ṣe ń kọ́ orin ìjọ." Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi fi pẹ́ẹ̀gì aṣọ há gbogbo ìwé rẹ̀ mọ́ pátákó tó ń dí oòrùn lókè iwájú mi nínú ọkọ̀, kó má bàa máa tọwọ́ bọ ibì kankan.

Bí eré àga ilé ìdáná ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìwọ rò pé eré lásán ni. A ó to àga, bàbá rẹ á di ìdérí ìkòkò mú bíi sítíárì, èmi á jókòó lápá ọ̀tún, ìwọ á gbé kóòtù rẹ̀ wọ̀ tí yóò máa wọ́ nílẹ̀, ṣíbí ìrokà lọ́wọ́ rẹ ní tọ́ọ̀ṣì. "Ọ̀gá, ìwé ọkọ̀ dà?" Bàbá rẹ á kọtí ikún, á máa rẹ́rìn-ín. Inú á bí ọ: "Ẹ̀ ń ṣe bí ẹni pé ẹ ò gbọ́! Ó yá, ẹ̀wọ̀n!" Òun á ní, "Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ọmọ kékeré kan nílé, ó burú bí ẹkùn." Àfìgbà tó di ọjọ́ kan, tí ìwọ fúnra rẹ rìn yí gbogbo àga ká, o dé ibi etí ọ̀tún, o lọgun sí i. Ó rẹ́rìn-ín títí ìdérí ìkòkò fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọlọ́run mọ̀ pé mo ṣì ń gbọ́ bó ṣe dún lórí ilẹ̀.

Ọjọ́ tí mò ń sọ, Sátidé ni, irú oṣù yìí náà, òjò winniwinni ń rọ̀. Ikọ́ ń ṣe ọ́, a fi ọ́ sọ́dọ̀ Àǹtí Ruthie, èmi àti bàbá rẹ sì wa píkọ́ọ̀pù lọ sí oko ápù tí a máa ń lọ lọ́dọọdún. A ra omi ápù, a ra dónọ́ọ̀tì gbígbóná oníṣúgà, tìrẹ wà nínú rẹ̀. Bàbá rẹ ń kọrin, èmi ń bá a jà kó má jẹ ti ọmọ rẹ̀ tán. Ní ìlú kékeré kan lójú ọ̀nà la rí iná ọlọ́pàá lẹ́yìn wa. Iná ẹ̀yìn ọkọ̀ wa kan ti kú, a kò mọ̀.

Ó ṣe gbogbo rẹ̀ bí a ṣe kọ́ ọ. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ fèrèsé kalẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé sítíárì. Ọlọ́pàá náà kéré lọ́jọ́ orí, irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù dáadáa. Bàbá rẹ ní, "Ẹ káàsán, ọ̀gá. Mo ní ìwé àṣẹ láti gbé ìbọn. Ó wà ní ìbàdí mi lọ́tùn-ún, mi ò sì ní fọwọ́ kàn án. Etí mi..." Kò parí rẹ̀. Ọmọkùnrin náà ti fò sẹ́yìn, ó ti fa ìbọn tirẹ̀ yọ, ó dúró sẹ́yìn èjìká òsì bàbá rẹ, níbi tí ojú bàbá rẹ kò ká.

"Na ọwọ́ ẹ síta fèrèsé! Méjèèjì!" Èmi gbọ́. Bàbá rẹ kò gbọ́. Ó di sítíárì mú gírígírí, nítorí ohun tí a kọ́ nìyẹn, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Denita, ẹ̀rín ṣọ́ọ̀ṣì yẹn gan-an ni. "Mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀, ò ń fi mí rẹ́rìn-ín? Mo ní na ọwọ́ ẹ síta!" Ohùn ọmọ náà ti ń ya. Ìgbà yẹn ni mo rí i tí èjìká bàbá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó fẹ́ gbé etí ọ̀tún wá gbọ́rọ̀, bó ṣe ń ṣe fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n lójú ọmọ tó dúró lẹ́yìn yẹn, ọkùnrin kan ló ń yí ìbàdí tí ìbọn wà bọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀.

Mo sọ sí etí rẹ̀ tó dára, jẹ́ẹ́jẹ́: "Odell, má yí. Iwájú ni kó o máa wò." Ó dúró. Lẹ́yìn náà ni mo figbe ta: "Ọ̀gá, etí òsì ẹ̀ ti di! Kò gbọ́ yín! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rìn yí wá sọ́dọ̀ mi níbí!" N kò ronú kí n tó sọ ọ́. Ohun tí ìwọ ṣe nínú ilé ìdáná ló bọ́ sí mi lẹ́nu. Òjò nìkan ni mò ń gbọ́ lórí ọkọ̀. Mò ń rò ó pé ta ni yóò sọ fún ọ. Ìgbà tó yá, mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, ó gba ẹ̀yìn ọkọ̀, ó sì dé fèrèsé mi.

Ó ti rẹ ìbọn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín wà níbi tó wà," ló wí láti ẹ̀gbẹ́ mi, bàbá rẹ sì gbọ́. Mo yọ pẹ́ẹ̀gì, mo fún un ní ìwé. Ó wò ó, ó bi wá ohun tó ba etí náà jẹ́. Bàbá rẹ ní ilé ìyọ́rin ni. Ọmọ náà mi orí. "Ibẹ̀ náà ni bàbá bàbá mi ti ṣiṣẹ́. Bí àwọn náà ṣe máa ń rẹ́rìn-ín nìyẹn." Pilarski lorúkọ tó wà láyà ẹ̀wù rẹ̀. Ìwé àṣẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sí mi lórí itan nígbà tó ń dá a padà. Ṣé o ó gbà gbọ́ pé ìgbà yẹn ni bàbá rẹ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀? "Ọ̀gá, ṣé ẹ ò ní mú dónọ́ọ̀tì kan?" Díẹ̀ ló kù kí n gbá a létí tó ṣẹ́kù.

Nígbà tí a délé, kò lè sọ̀kalẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú nínú ọkọ̀, ó ní, "Má sọ fún ọmọ yẹn o. Jẹ́ kó máa ṣe ọlọ́pàá ẹ̀ lọ." Àǹtí Ruthie ti mú ọ dé. O sáré jáde, o já àpò gbà lọ́wọ́ mi, o sì ké: "Mọ́mì, ẹ ti fọ́ dónọ́ọ̀tì mi!" Òótọ́ lo sọ. Mo ti fún un mọ́ àyà títí ó fi di ìyẹ̀fun. Títí di àná lo fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọjọ́ tí ojúkòkòrò mú mi nìyẹn. Ó dára, o ti wá mọ ìdí rẹ̀ báyìí.

Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn. Ọkọ mi padà wálé lọ́jọ́ yẹn nítorí pé ọmọkùnrin kan tí jìnnìjìnnì bò gbà láti rìn yí ọkọ̀ ká. Ó tún gbá ewé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó jó níbi ìgbéyàwó rẹ, orí bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀ ló sì kú sí. Àárò rẹ̀ ń sọ mí. Ohun tó ń pá mi láyà ni pé ọmọ tèmi ni yóò máa dúró sẹ́yìn èjìká ọkọ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Mo bi ara mi ta ni mo fẹ́ kó dúró síbẹ̀ bí kì í bá ṣe ìwọ, n kò sì rí ẹnì kan. Mò ń bọ̀, Denita. Èmi ni màá fi báàjì náà sí ọ láyà.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé rẹ. Ìbọn tó wà ní ìbàdí rẹ, kí o má rí ohun tí wàá tìtorí rẹ̀ yìn ín. Àwọn tí o bá dá dúró lójú pópó, kí wọ́n délé wọn layọ̀, kí ìwọ náà sì délé. Bá mi kí ọkọ rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ tí kò gbé ìkòkò kaná,
Verlene Gaines.

Àfikún: Wá sílé ní ọjọ́ Àìkú kí ọjọ́ báàjì tó pé. Màá ti to àga sílẹ̀; ìdérí ìkòkò yẹn ṣì wà. Èmi ni màá jókòó sídìí sítíárì lọ́tẹ̀ yìí, màá sì fi òwú dí etí òsì mi. Wàá pè mí, màá kàn máa rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ rí ohun tí wàá ṣe.