Kẹ́hìndé Adéyọrí, Baba Kántírì Ìwàrà, àti Sítáǹpù Tí Ojú Táyé Wà Lára Rẹ̀ (1946–2025)

Ìlú Ìwàrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni a bí Pa Kẹ́hìndé Adéyọrí sí ní oṣù kẹfà ọdún 1946, ní àsìkò tí òjò ti ba ọ̀nà jẹ́ débi pé ẹsẹ̀ ni agbẹ̀bí fi rìn wá láti Iléṣà. Bàbá wọn ni Olóògbé Silas Adéyọrí, òṣómàáló tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri ìlú. Ìyá wọn ni Olóògbé Àpìkẹ́ Adéyọrí, àgbẹ̀ obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ sínú. Ìbejì ni wọ́n. Táyé ló kọ́kọ́ jáde, Kẹ́hìndé tẹ̀lé e, àmọ́ gbogbo ilé ló mọ̀ pé Kẹ́hìndé tó dé kẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán àbúrò rẹ̀ níṣẹ́ pé kó lọ tọ́ ayé wò. Ẹbí bẹ ẹ̀yin tí ẹ wá bá wọn dárò kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ìtàn ọ̀kan kò ṣeé sọ kí ti èkejì má yọjú.

Ọdún 1953 ni àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwàrà, lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ sí ilé ìwé mọ́dà (Modern School) ní Iléṣà. Ká sọ òótọ́, ìwé kò fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ wọ́n lórí. Olùkọ́ kan ní ibẹ̀ ní giramafóònù, ó sì máa ń fi orin kántírì àwọn òyìnbó sí i, orin àwọn àgbẹ̀ àti awakọ̀ tí wọ́n fi ìyá wọn sílẹ̀ nílé. Ìgbà tí Táyé gbọ́ ọ ni oúnjẹ kò lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́. Ó kan gìtá láti ara pákó àpótí, nígbà tó sì yá, ó ṣiṣẹ́ lébìrà nínú oko kòkó títí ó fi ra èyí tó jẹ́ gìtá gidi. Táyé ń dá orin, Kẹ́hìndé ń gbè é. Àwọn ọmọ kíláàsì wọn a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé òyìnbó wo ló ń sọ èdè Ìjẹ̀ṣà. Orin "Ulé Jìnnà" tí gbogbo yín mọ̀ mọ Baba, ojú ọ̀nà Iléṣà sí Ìwàrà ni Táyé ti dá a, lọ́jọ́ tí wọ́n pàdánù ọkọ̀ tí wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn délé.

Ní ọdún 1965, ibà pọ́njú mú Táyé, ó sì kú. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Kẹ́hìndé kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Ó kàn gbé gìtá àbúrò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì ń kọ ipa àwọn méjèèjì pọ̀, èyí tí wọ́n ń dá àti èyí tí wọ́n ń gbè.

Ọdún tó tẹ̀lé e ni Baba wá sí Òṣogbo láti kọ́ iṣẹ́ rédíò títúnṣe ní Òkè-Fìà. Iṣẹ́ náà ni wọ́n fi jẹun títí ojú kò fi ríran dáadáa mọ́, nítorí orin kì í bọ́ ilé. Ní ọdún 1971 ni wọ́n gbé àwo orin wọn àkọ́kọ́ jáde. Rédíò gbé e, àwọn ọlọ́kọ̀ gbé e, orúkọ Baba Kántírì sì mọ́ wọn lára bí ẹ̀wù. Níbikíbi tí wọ́n bá ti kọrin, wọn a kọ́kọ́ sọ pé orin Táyé ni. Àwọn èèyàn a pàtẹ́wọ́, wọn a ní Baba mà níwà ìrẹ̀lẹ̀ o. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Ní ọdún 1973, Baba gbé Fàtímọ̀ níyàwó, ọmọ olùkọ́ ilé kéwú kan ní Òkè Baálẹ̀, Òṣogbo. Àwọn ẹbí kan ní ìhà méjèèjì sọ pé ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí kò lè gbé inú yàrá kan. Wọ́n gbé e fún ọdún méjìléláàádọ́ta. Baba ń bá ìyàwó wọn jí jẹ sààrì nígbà ààwẹ̀, Ìyá ń bá Baba lọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Ohun tó kọ́kọ́ ya Ìyá lẹ́nu nílé ọkọ ni pé ohun gbogbo ní láti jẹ́ méjì. Bí Baba bá ra fìlà, méjì ni. Bí wọ́n bá bu oúnjẹ ọdún, wọn a bu ti Táyé kí wọ́n tó fọwọ́ kan tiwọn, àwọn ọmọ ilé ni yóò sì jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń tọ́jú ìbejì tí èkejì rẹ̀ ti lọ.

Baba jẹ́ alàgbà nínú ìjọ wọn, wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní gìtá láìgba nǹkan kan, wọ́n sì parí ìjà ilẹ̀ tó ju èyí tí ẹbí lè rántí lọ ní Ìwàrà. Ṣùgbọ́n ayé yí padà. Àwo di kásẹ́ẹ̀tì, kásẹ́ẹ̀tì di fóònù, a kò gbọ́ orin Baba lórí rédíò mọ́. Nígbà tí Baba fi máa pé ẹni àádọ́rin ọdún, àwọn ọmọ àdúgbò mọ̀ wọ́n sí bàbá arúgbó tó ń jókòó síwájú ilé.

Èyí ló dun Bánkẹ́, àkọ́bí Baba, olùkọ́ ni. Ní ọdún 2016, ó gbọ́ pé ìgbìmọ̀ kan ń yan àwọn olórin àtijọ́ tí wọ́n máa gbé ojú wọn sára sítáǹpù lẹ́tà. Ó pinnu pé bàbá òun yóò wà níbẹ̀, àti pé Baba gbọ́dọ̀ fi ojú ara wọn rí i kí ọlọ́jọ́ tó dé. Kò bẹ Ọlọ́run fún nǹkan mìíràn ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ó kọ̀wé, ó tún ìwé kọ. Wọ́n ní kó lọ, wọ́n ní kó bọ̀. Ẹni tó bá lónìí, wọ́n á ti gbé e lọ síbòmíràn lọ́la. Àwọn àbúrò rẹ̀ sọ fún un pé ó tó gẹ́ẹ́. Bánkẹ́ ní ẹ̀jẹ̀ òṣómàáló ló wà lára òun. Òṣó ni bàbá òun àgbà máa ń ló sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè, òun náà yóò lóṣòó ti ìgbìmọ̀ náà títí wọn yóò fi dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ìrìn náà gba ọdún méje gbáko.

Ní ọdún 2023 ni wọ́n gbà. Fótò ìgbà èwe ni wọ́n béèrè, ọ̀kan ṣoṣo ló sì wà nílé: èyí tí wọ́n gbé kọ́ ògiri pálọ̀, tí ọ̀dọ́mọkùnrin méjì jókòó nínú rẹ̀ lórí àga méjì, ojú kan náà, aṣọ kan náà. Èyí apá òsì káwọ́ lé orúnkún, èyí apá ọ̀tún gbé gìtá sáyà. Ayàwòrán tí wọ́n gbé iṣẹ́ sítáǹpù fún pe Bánkẹ́ lórí fóònù, ó ní èwo ni Baba nínú àwọn méjèèjì. Bánkẹ́ wà nínú kẹ̀kẹ́ nígbà náà, ó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Ó ní ẹni tó gbé gìtá ni, ta ló tún fẹ́ jẹ́?

Oṣù kìíní ọdún 2024 ni wọ́n fi àpẹẹrẹ sítáǹpù náà ránṣẹ́. Bánkẹ́ gbé e lọ sílé Baba ní Òkè Baálẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Baba wọ gíláàsì, wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n ní, "Táyé rèé."

Bánkẹ́ ní, "Baba, ẹ̀yin ni. Orúkọ yín ló wà lábẹ́ rẹ̀."

Nígbà náà ni Baba ṣàlàyé ohun tí wọn kò tíì là yé ọmọ kankan rí. Ní ọdún 1966, Ìyá wọn Àpìkẹ́ kò rí àlàáfíà nítorí kò sí àwòrán Táyé kankan láyé. Ó mú Kẹ́hìndé wá sọ́dọ̀ Mikail onífótò ní Òkè-Fìà, ẹni tó mọ iṣẹ́ ìbejì ṣe dáadáa. Mikail kọ́kọ́ ya Kẹ́hìndé lórí àga òsì, pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo, gẹ́gẹ́ bí ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kó bọ́ sórí àga ọ̀tún, kó gbé gìtá, nítorí gìtá Táyé ni. Ó wá so méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan. Baba ní, "Màmá wò mí lórí àga kejì yẹn, ó ní, 'Táyé, jókòó dáadáa.' Mo sì dá a lóhùn." Láti ọjọ́ náà ni apá ọ̀tún fótò ti di ti Táyé, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ pè é ní orúkọ mìíràn lójú ìyá wọn títí ó fi kú.

Bánkẹ́ padà lọ bá ìgbìmọ̀. Wọ́n ní ojú kan náà ni, kí ni ìṣòro? Nígbà tó ṣàlàyé, ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ Yorùbá mi orí, ó ní ó yé òun, àtúnṣe sì ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ tún lọ yí gbogbo Àbújá ká, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tí yóò parí. Ẹsẹ̀ Baba ti ń wú nígbà yẹn, ikọ́ kò sì jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ gùn. Bánkẹ́ ní òun yóò tún bẹ̀rẹ̀.

Baba ní kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Bí kò bá ṣe báyìí, ta ló máa ṣe é fún Táyé?"

Inú bí Bánkẹ́. Ẹbí kò ní pa á mọ́, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n kọ ọ́. Ó ní, "Baba, ẹ̀yin ni mo ń sáré fún. Bàtà mi jẹ tán lórí ọ̀rọ̀ yín. Èmi ò mọ Táyé." Ó jáde, ó sì sunkún nínú kẹ̀kẹ́ dé ilé rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kọjá kó tó tún yọjú. Ìyá Fàtímọ̀ ló lọ bá a. Ìyá ní, "Ìwọ tí wọ́n fi sítáǹpù ẹyọ kan dù, o ń sunkún. Èmi tí mo fẹ́ ọkùnrin méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí mò ń bu oúnjẹ ọ̀kan tí n kò rí sójú rí, ṣé mo ráhùn? Fi bàbá rẹ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ni, ẹrù àbúrò rẹ̀ ló ń gbé." Bánkẹ́ rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Ó rẹ̀ ẹ́ ju kó bá wọn jà lọ.

Wọ́n ṣe ìfilọ́lẹ̀ sítáǹpù náà ní Òṣogbo ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Wọ́n gbé ẹyọ kan sínú férémù, wọ́n gbé e lé Baba lọ́wọ́. Ohùn kò fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́. Baba kàn gbé férémù náà sókè kí gbogbo gbọ̀ngàn rí i, wọ́n ní, "Táyé kí yín o. Òun ló ni orin." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé àgbà ń ṣe àwàdà. Bánkẹ́ wà ní ìjókòó iwájú. Ó wo ojú bàbá rẹ̀, ó sì rí i pé láti ọjọ́ tó ti dáyé, òun kò rí ìsinmi bẹ́ẹ̀ lójú wọn rí.

Pa Kẹ́hìndé Adéyọrí dágbére fáyé ní ilé wọn ní Òkè Baálẹ̀, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kejì ọdún 2025, lẹ́yìn àìsàn tó ti ń bá wọn fínra láti ọdún 2024. Ó ti rẹ̀ wọ́n, ó sì ti rẹ ẹbí tó ń tọ́jú wọn. Ẹbí dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn ará ìjọ, àti àwọn ará mọ́sálásí àdúgbò tí wọ́n wá gbàdúrà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n.

Ẹ ó rí i pé ẹni méjì ló wà ní ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé yìí. Òǹtẹ̀wé kò ṣe àṣìṣe. Àwọn ọmọ kan fẹ́ kí a lo fótò aláwọ̀ tí Baba yà lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀, àwọn mìíràn ní kí a gé ti ògiri. Bánkẹ́ gbé fótò náà wá lódidi, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àlùmọ́gàjí kàn án. Ó rán ẹbí létí pé nígbà tí Táyé kú, kò sí ìwé ètò ìsìnkú, kò sẹ́ni tó ka ìtàn rẹ̀ sétí ẹnikẹ́ni. Òní la ń kà á.

Pa Kẹ́hìndé Adéyọrí fi ìyàwó wọn sáyé lọ, Alhaja Fàtímọ̀ Adéyọrí. Wọ́n fi àwọn ọmọ sílẹ̀: Olúdayọ̀, Humairah àti Bọ́lárìnwá. Àti àwọn ọmọ-ọmọ, tí Ìtẹ́olúwakìṣí, tó ń kọ́ gìtá lọ́wọ́, jẹ́ àbíkẹ́yìn wọn.

Táyé Adéyọrí kú láìgbéyàwó. Ó fi ọmọ kan sílẹ̀: Bánkẹ́. Bánkẹ́ fúnra rẹ̀ ló ní kí a kọ orúkọ òun síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ti gbé ẹrù délé, àbúrò wà lẹ́nu ọ̀nà láti sọ̀ ọ́. Kí ilẹ̀ Ìwàrà rọ̀ yín lọ́rùn. Kẹ́hìndé, Táyé, ẹ̀yin méjèèjì, ẹ sùn re o.