Fọ́tò Dúródemí Nínú Pálọ̀

Ọmọbìnrin mi àtàtà,

Mo kí ọ títí, mo tún kí ọ bí ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà tí wọn ò tíì ṣílẹ̀kùn fún. Ṣé ara le? Ṣé ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ ti yéé pariwo mọ́ ọ? Ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ, àwọn tó ń gbé lókè rẹ ò ní da omi lé ọ lórí. Àmín. Ìyá rẹ kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀, ó ti ń bá mi jà bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò ajá tí o ní ká yà fún ọ kí o lè gbé e kọ́ sára ògiri, a ti yà á, àmọ́ ojú wa rí màbo. O ní inú ilé ni ká ti yà á, ká sún mọ́ fèrèsé. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, torí láyé tiwa, iwájú ilé lèèyàn ti ń ya fọ́tò kí ayé lè rí páànù tuntun. Mo ní kò burú, ọmọ tó kàwé ló sọ ọ́. Mo wẹ Dúródemí, mo gbé àga mi sáàárín pálọ̀, mo gbé aago sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ní kó jókòó bí ọmọlúàbí, kó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, kó má rẹ́rìn-ín. Ajá kọ̀ jálẹ̀! Ó wò mí bíi pé èmi gan-an ni ìwẹ̀ yẹ.

Aránṣọ tó wà lódìkejì ọ̀nà ló gbé fóònù rẹ̀ wá bá wa. Ó tẹ̀ ẹ́, iná kọ yẹ̀rì, Dúródemí já wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó fi fọ́tò náà hàn mí, ojú ajá ń tàn bíi ti iwin. Mo ní kó lọ tún fóònù rẹ̀ ṣe, ajá mi kì í ṣe iwin. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, ó ní òun á pa iná yẹn, kí èmi náà bọ́ sílẹ̀ ti ajá, ká jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ṣiṣẹ́.

Mo fa Dúródemí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì padà sí pálọ̀, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé e lọ́rùn, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Aránṣọ yà á. Ó wá fi ìka méjì na fọ́tò náà, ojú ajá tóbi, ó kún gbogbo fóònù, ibẹ̀ ni mo ti rí nǹkan funfun tó bo ẹyin ojú rẹ̀ méjèèjì. Ọmọ mi, àyà mi já. Èmi tí mò ń fún un lóúnjẹ láràárọ̀ ò rí i. Tó bá forí gbá ẹsẹ̀ tábìlì, èébú ni mo máa ń bú u pé ó ti ya ọ̀lẹ. Dókítà ẹran wá wò ó, ó ní ó ṣì ń ríran díẹ̀, àmọ́ díẹ̀ yẹn náà ò ní pẹ́ lọ.

Ìwọ lo sọ ọ́ ní Dúródemí, torí nígbà tó wà ní kékeré ó máa ń sáré ṣíwájú rẹ tí o bá ń lọ sílé ẹ̀kọ́, wàá sì máa pariwo tẹ̀lé e. Òun ló wá ń dúró báyìí. Tí ọkọ̀ bá ti dúró níta, á dìde, á lọ sẹ́nu ọ̀nà, á tún padà wá dùbúlẹ̀. Mi ò sọ pé èmi náà ń dìde o. Ọ̀rọ̀ ajá ni mò ń sọ.

Aránṣọ ní òun lè yọ ọwọ́ mi kúrò nínú fọ́tò kó ṣẹ́ ku ajá nìkan. Mo ní kó má dán an wò, tó bá yọ ọwọ́ mi, ta ló máa di ajá mú? Ó bá tẹ nǹkan, ó ní fọ́tò ti dé ọ̀dọ̀ rẹ. Mo wo fóònù, fọ́tò ṣì wà níbẹ̀! Mo ní kó jọ̀ọ́, kó fi ránṣẹ́ dáadáa, lẹ́tà tí mo bá fi ránṣẹ́ kì í kù sílé. Ó ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí, pé ó ti lọ, ó sì tún wà nílé. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi látìgbà náà.

Ìyá rẹ ní kí n béèrè owó oògùn orúnkún, òrùlé ilé ìdáná náà sì ń jò. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, má fi owó kankan ránṣẹ́. Fi wọ ọkọ̀. Ìròyìn ò tó àfojúbà. Wá kí Dúródemí rí ojú rẹ, kó tó di pé òórùn rẹ nìkan ló máa fi dá ọ mọ̀.

Ọlọ́run tó jẹ́ kí fọ́tò lọ, tí kò sì kúrò nílé, kó ṣe ìwọ náà bẹ́ẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
ẹni tó ni ọwọ́ inú fọ́tò.