Òróró Tí Wọ́n Fi Ojú Rẹ Tà

Sirleny, ọmọ ọmọ mi,

Ṣé ara rẹ le? Ọlọ́run tó mú mi la òjò ọdún yìí já á mú ìwọ náà la ìlú Cali já. Èmi ìyá rẹ àgbà, Eudosia, ló ń sọ̀rọ̀, olùkọ́ Wilfrido ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ti bú u lẹ́ẹ̀mejì torí ó fẹ́ máa bu ṣúgà sí ọ̀rọ̀ mi. Ohun tó o bá kà níbí, bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn.

Ẹlẹ́dẹ̀ Ofelmina aládùúgbò wa bí mẹ́jọ, ó sì jẹ ọ̀kan. Kò sí ìròyìn mìíràn. Ọ̀rọ̀ ojú rẹ ló kù.

O ní ojú rẹ ti wà lára pátákó tí wọ́n fi ń polówó òróró. A wẹ̀, a wọ aṣọ ìsìn, a lọ wò ó ní èbúté. Mo wá ọ títí, mi ò rí ọ. Obìnrin kan ni mo rí, ìdí bí àpò ìrẹsì, ètè pupa bí ẹ̀dọ̀, ó yọ ojú síta bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde lómi, ó gbé ìkòkò òróró gbígbóná lérí, ó ń jó. Ofelmina ló rí àpá ìwọ̀ ẹja lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ, ló bá ní Eudosia, ọmọ rẹ mà nìyí. Mo ní irọ́ ni, kò sí ẹni tó ti ilé mi jáde tó máa gbé òróró gbígbóná lérí jó. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ń kọjá lọ́dọ̀ àwọn aláàárù, wọ́n á ní Màmá, ẹ jó fún wa, ṣebí inú ẹ̀jẹ̀ yín ló wà. Torí ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé adùn wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Ìkarahun ti gé mi lọ́wọ́ rí, mo sì lá ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún. Iyọ̀ ni.

Wilfrido ní àwa aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ṣe é fún. Inú mi kọ́kọ́ dùn, mo rò pé òróró náà yàtọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin mú ìgò tí wọ́n ń tà ládùúgbò àwọn aláwọ̀ funfun wá, mo fi méjèèjì dín ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀kan náà ni. Ṣùgbọ́n lára ìgò tiwọn, obìnrin funfun jókòó, ó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ níwèé. Ẹnikẹ́ni ò ní kó jó. Ìwọ tó o fi ọdún mẹ́ta kọ́ ìṣirò, ṣé wọn ò rí ìwé kankan fún ọ mú dání ni?

Ó wá ku fọ́ọ̀mù tó o ní kí n tẹ̀ka sí, kí àwọn olóróró náà lè wá ya àwòrán àwa tí à ń wa piangua oníkarahun nínú ẹrẹ̀, pé tí mi ò bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ. Wilfrido kà á: ojú mi á di tiwọn fún ọdún mẹ́wàá. Mo ní tí mo bá kú lọ́dún kẹta ńkọ́, ṣé wọ́n á wá hú u ni? Ó kà á lọ. Wọ́n tún ní ká wé gèlè pupa, ká máa jó bá a ṣe ń wa piangua. Sirleny, o mọ ibẹ̀. Ẹrẹ̀ dé itan, ọwọ́ ń tọ ihò lábẹ́ gbòǹgbò igi, èéfín èèpo àgbọn tí a fi ń lé ẹ̀fọn ń ta wá lójú. Ẹsẹ̀ tó bá jó níbẹ̀, ẹja olóró á gún un.

Àwa obìnrin pé jọ. Ofelmina ní ká gbà, owó ni. Ó dìde, ó yọ ojú, ó ń jùdí bíi ti pátákó, a rẹ́rìn-ín títí. Àfi bí ọmọ ọmọ rẹ̀ kékeré ṣe dìde lẹ́yìn rẹ̀, tí òun náà yọ ojú síta. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu wa. Ofelmina jókòó, òun ló kọ́kọ́ ní a ò ṣe.

A ò ṣe. Mi ò tẹ̀ka. Bí wọ́n bá wá, a ó mú wọn wọ inú ẹrẹ̀, kí wọ́n ya iṣẹ́ wa bó ṣe rí. Ẹni tó bá ní ká rẹ́rìn-ín, a ó wọkọ̀ wa lọ, omi òkun á wá bá a níbẹ̀. Bí wọ́n bá tìtorí ẹ̀ lé ọ, máa bọ̀ nílé.

Fi owó bàtà rọ́bà ránṣẹ́, tèmi ti lu. Bó bá jẹ́ owó òróró yẹn ni, fi í sọ́wọ́, mo ti ń fi ẹsẹ̀ lásán wọ ẹrẹ̀ kí n tó bí ìyá rẹ.

Kí Ọlọ́run fún ọ níṣẹ́ tí wọn ò ní kùn ọ́ létè kó o tó lè ṣe é.

Ìyá rẹ àgbà,
Eudosia