Bí A Ṣe Ta Bébà Ìnùdí Kí Synne Lè Fò

Hauglia, Norway,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹta.

Åshild, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo sì kí oòrùn Spéènì tó gbà ọ́ lọ́wọ́ wa. Ṣé orúnkún rẹ ti ń gbà kí o gun àtẹ̀gùn? Ara tèmi le, àfi eyín kan tó ń yọ mí lẹ́nu. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ ní àlàáfíà, kí o sì ti ra awò ojú tuntun, torí ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu mi.

Ṣé o rántí Synne, ọmọ Torgeir tó ń gbé nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì? Ọmọ tó jẹ́ pé kó tó mọ ìwé kà ló ti ń de sikí, pákó gígùn tí a fi ń yọ̀ lórí yìnyín, mọ́ ẹsẹ̀ fò láti orí òrùlé abà bàbá rẹ̀. Ó ti di ọmọge báyìí. Åshild, bí ọmọ yẹn bá ti sáré sọ̀kalẹ̀ lórí òkè ìfò, tó gbéra, tó nà gbọnrangandan sójú òfuurufú, tí kò mi apá, tí kò mi ẹsẹ̀, àwa tó wà nísàlẹ̀ máa ń gbàgbé láti mí ni. Láti kékeré ni mo ti ń wo àwọn tó ń fò, n kò tíì rí irú rẹ̀.

Kí ọdún tó parí ni ìròyìn dé pé wọ́n ti yàn án mọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí yóò ṣojú Norway níbi ìdíje ńlá kan ní Slovenia. Inú wa dùn, ṣùgbọ́n òbí kọ̀ọ̀kan ni yóò san owó ọkọ̀ ọmọ tirẹ̀. Èyí tó tún wá burú níbẹ̀ ni pé Synne ti ga sí i, aṣọ ìfò rẹ̀ kò bá a mu mọ́. Ìwọ náà mọ bí àwọn adájọ́ ṣe le tó lórí ọ̀rọ̀ aṣọ: bí aṣọ bá ti ṣò tàbí tó fún díẹ̀ lára, ẹni náà kò ní fò. Níbi ìdíje kan tó kọjá, ìdí àtẹ̀gùn òkè ìfò ni wọ́n ti dá a padà nítorí aṣọ yẹn. Ibi tí bàbá rẹ̀ sì ti ń la pákó ti kógbá sílé.

Gbogbo wa la fẹ́ ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún Torgeir? Ọkùnrin tó lè ran gbogbo ayé lọ́wọ́, àmọ́ tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun. Kjellaug, alága ẹgbẹ́ eléré sikí wa, kàn fẹnu bà á ni, ó dá a lóhùn pé, “Kjellaug, a ò tíì di alágbe nílé wa. Bí mi ò bá rówó, ọmọ mi á jókòó sílé. Kò ní kú.”

Ni Kjellaug bá pe àwa díẹ̀ jọ, pẹ̀lú Marit, ìyàwó Torgeir, a sì di rìkíṣí. Ó kéde pé ẹgbẹ́ fẹ́ ta bébà ìnùdí láti ilé dé ilé, bí a ti ń ṣe lọ́dọọdún, pé iná òkè ìfò àwọn ọmọdé ni a fẹ́ fi owó rẹ̀ tún ṣe. Irọ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, iná ọ̀hún ti bàjẹ́ lóòótọ́. Bí Torgeir ṣe gbọ́ pé ọ̀wẹ̀ ni, ọjọ́ yẹn gan-an ló so kẹ̀kẹ́ ẹrù mọ́ ẹ̀yìn katakata rẹ̀, tó gbé Synne jókòó lórí ẹrù. Kò sí ilé tí wọn kò yà. Ó dúró lójú títì, ó ń pariwo mọ́ mi: “Mama Gudny, ìdì kan ṣoṣo kẹ̀? Ṣé ẹ̀yin kì í jẹun ni?” Pásítọ̀ ní òun ṣì ní nílé. Torgeir ní, “Pásítọ̀, àwọn ọmọdé ń fò nínú òkùnkùn, ẹ wá ń ṣahun lórí ọ̀rọ̀ ìdí!” Marit ní òun máa ń rẹ́rìn-ín títí òun á fi di ẹ̀gbẹ́ mú bí wọ́n bá ti jáde.

Ìgbà tí a pàdé ní ilé ẹgbẹ́, tí kọfí àti kéèkì wà nílẹ̀, Kjellaug dìde. Ó ní, “A ti tún iná ṣe tán. Gbogbo owó tó kù, ti Synne ni. Slovenia yá!” Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́, àfi Torgeir. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó mú fìlà rẹ̀. “Ẹ sọ mí di ẹni yẹ̀yẹ́. Ẹ dá owó àwọn èèyàn padà fún wọn.” Ilẹ̀ ni Synne ń wò. Àánú ọmọ náà ṣe mí, inú sì bí mi.

Mo fi ọ̀pá dìde. Mo ní, “Torgeir, jókòó. Nígbà tí Asbjørn ọkọ mi wà lórí àìsàn, ta ló ń la igi ìdáná fún mi títí yìnyín fi yọ́? Ṣé alágbe ni mí nígbà yẹn? Igi kan kì í dágbó ṣe, ìwọ tó o fi gbogbo ayé rẹ lagi, o ò mọ̀yẹn?” Torgeir wo ojú ọmọ rẹ̀. “Mama Gudny,” ló wí, “ẹnu yín mú ju ayùn lọ.” Ó jókòó, ó ní kí wọ́n bu kọfí fún òun.

Ní Sátidé tó kọjá, gbogbo wa kóra jọ síwájú tẹlifíṣọ̀n. Afẹ́fẹ́ ń jà lọ́hùn-ún, wọ́n dá Synne dúró lókè pẹ́ títí. Torgeir kò lè wò ó, ó kọjú sí ògiri. Nígbà tó yá, wọ́n ní kó máa bọ̀, ó gbéra. Åshild, ó fò! Kò gba ipò kìíní, ipò karùn-ún ló gbà, ṣùgbọ́n bó ṣe balẹ̀ dáadáa, tí ẹsẹ̀ kan ṣáájú èkejì bí àwọn adájọ́ ṣe ń fẹ́ ẹ, ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Torgeir yí padà, omijé ń ṣàn gba irùngbọ̀n rẹ̀, ó di èmi àti Kjellaug mú, ó ń ké pé, “Ọmọ wa ti balẹ̀! Ọmọ wa ti balẹ̀!” O mọ̀ pé n kì í tètè sunkún. Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Kí Ọlọ́run fún eékún rẹ lókun, kó dá ẹ̀mí wa sí, kí a tún jọ mu kọfí ní Hauglia. Ayọ̀ kò ní tán nílé rẹ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti ìgbà èwe,
Gudny

Àfikún: Torgeir ti gun òrùlé ilé rẹ níbí, ó ti wa gbogbo yìnyín orí rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí n sọ fún Mama Åshild pé bí wọ́n bá dán an wò, tí wọ́n fi owó ránṣẹ́, òun á kó yìnyín náà padà sókè.