Wáyfáì Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Táńkì

Ọjọ́rú, Under G, àdúgbò àwa akẹ́kọ̀ọ́.

Ọ̀sán òní ni ìforúkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì parí, láptọ́ọ̀pù mi kò sì rí wáyfáì họ́sítẹ́ẹ̀lì látàárọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ bẹ Bọ̀dá Délé, àgbà yàrá wa.

"Jámbáìtì, gbé e lérí, kí o lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì omi. Ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì pọ̀ sí," ni wọ́n sọ fún èmi akẹ́kọ̀ọ́ tuntun.

Oòrùn ń pa mí. Àwọn ará yàrá wa ń pariwo lójú fèrèsé, "Fi ẹsẹ̀ kan dúró, ó ń bọ̀!" Mo fi ẹsẹ̀ kan dúró.

Nígbà tí ìforúkọsílẹ̀ ti parí, Bọ̀dá Délé tẹ bọ́tìnnì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ láptọ́ọ̀pù, wáyfáì sì wọlé. "Èmi ni mo pa á lánàá," ni wọ́n wí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Mo tún dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà." Ta ló rán mi?