Kì Í Ṣe Èmi Ló Dúró Níwájú Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Lucy

Iyansan,
Lọ́nà Òde-Ìrèlè.
Oṣù Kọkànlá, 1971.

Ọmọ mi Olúyọmí,

Ara rẹ ńkọ́? Ìlú Èkó ńkọ́, àti àwọn tí ẹ jọ ń gbé inú yàrá yẹn? Ọlọ́run tó mú wa la ogun já kò ní jẹ́ kí a fi ojú sunkún ara wa. Àmín. Iṣẹ́ rẹ ní rélùwéè yóò máa gòkè, ọ̀gá rẹ yóò máa rí ọ, inú rẹ̀ yóò sì máa dùn. Àmín. Èmi bàbá rẹ wà láàyè. Mo fẹ́ kí o tún gbólóhùn yẹn kà kí o tó kọjá síbòmíràn: mo wà láàyè, àárọ̀ òní ni mo jẹ pupuru pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja, mo sì jẹ ẹ́ tán. Ohunkóhun tí ojú rẹ bá rí ní Èkó, tàbí tí ẹnikẹ́ni bá ní òun rí, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, o sì mọ bí ọwọ́ mi ṣe máa ń wọ́, kò sí òkú tó lè kọ̀wé burúkú báyìí.

Ilé dára díẹ̀. Òjò pọ̀ lọ́dún yìí, ẹ̀gẹ́ ṣe dáadáa, òrùlé wa ni kò ṣe dáadáa. Àbúrò rẹ Abọ́sẹ̀dé ń kí ọ. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí méjì, ọ̀kan jọ èyí tó kú lọ́dún tó kọjá, n kò fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ohun tó bá jọ òkú lásìkò yìí, nítorí náà jẹ́ kí n yára dé ibi tí mò ń lọ.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹfọ̀n tí mo pa nínú igbó ẹ̀yìn oko ọ̀pẹ. Òkìkí ẹfọ̀n yẹn dé Òkìtìpupa, ó sì gbé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Vincent wá bá mi. Ọmọ Ìlàjẹ ni, àwọn bàbá rẹ̀ ń pẹja létí òkun, òun ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó tó ń ta ohun èlò ọdẹ, ọta ìbọn, bàtà bùútù, àtùpà orí àti aṣọ òjò. Ó ní ilé-iṣẹ́ náà ń wá ọdẹ gidi kan tí wọ́n máa fún ní gbogbo rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kó máa lò ó lójú ayé, kí àwọn ọdẹ yòókù lè rí i kí wọ́n sì rà á, pé aṣojú wọn ni wọ́n fi mí ṣe ní gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Mo bi í pé kí ni n óò san, ó ní n kò ní san kọ́bọ̀. Ọmọ mi, ibẹ̀ ló ti yẹ kí n sá. Ẹni tó fún ọ ní nǹkan tí kò gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ, ohun tó fẹ́ gbà ni kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n bàtà náà ń dán.

Orúkọ aṣojú yẹn gan-an ló kọ́kọ́ kó ẹ̀rù bá mi. Ìwọ náà mọ̀ pé láti ìgbà tí àwọn sójà ti gba ìjọba ni wọ́n ti lé gbogbo aṣojú lọ sílé, kò sẹ́ni tó tún dán an wò mọ́, ó wá jẹ́ pé èmi nìkan ni aṣojú tó kù ní Nàìjíríà. Bí mọ́tò sójà bá ti ń bọ̀ láti ọ̀nà Òrè, mà á bọ́ bàtà náà, mà á jù ú sínú àgbá omi ìyá rẹ. Àwọn ará ìlú kò sì ràn mí lọ́wọ́. Wọ́n ń wá sílé wá sọ fún mi pé afárá ti já, pé kí n bá ìjọba sọ̀rọ̀. Mo ní kí wọ́n má pa mí, bàtà ni mò ń ṣojú fún.

Vincent ní dandan ni kí n máa lo nǹkan wọn níbi gbogbo. Mo lò ó dé ṣọ́ọ̀ṣì. Mo tan àtùpà orí nígbà tí katikíìsì ń ka ẹ̀kọ́ kejì, iná náà wọ̀ ọ́ lójú, ó ní kí n jọ̀wọ́ pa á, pé òun kì í ṣe ẹtu. Ti inú igbó ló burú jù. Bàtà náà ń pariwo bí ẹni ń jẹ gúgúrú, ẹran ń gbọ́ ọ kí n tó kúrò lábà. Láti ìgbà tí mo ti di aṣojú, ọ̀kẹ́rẹ́ kan ni mo pa, ọ̀kẹ́rẹ́ náà sì ti darúgbó. Mo wá ń bọ́ bàtà náà kọ́ sára igi lẹ́nu igbó, mà á fi ẹsẹ̀ lásán wọlé, bí mo bá ń bọ̀ mà á fi ẹrẹ̀ pa á lára kó lè dà bí èyí tó ṣiṣẹ́. Síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀. Vincent ti fi awò kan hàn mí tó ń mú ohun jíjìn súnmọ́ ojú, mo fi wo igi ìrókò tó wà lẹ́yìn odò, mo rí èèrà lára rẹ̀. Bí èmi bá rí èèrà, kí ni àwọn tó ni awò kò ní rí láti Èkó? Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kí ojú ọ̀run kí n tó bọ́ bàtà.

Nígbà tó yá, Vincent mú onífótò wá. Ó ní kí n gbé ìbọn kọ́ èjìká kí n rẹ́rìn-ín. Mo ní ọdẹ kì í rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìbọn, ó ní àwọn ará ìgboro kì í ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tó lejú. Mo rẹ́rìn-ín. Ó wá tọrọ gbérí mi, ẹ̀wù ọdẹ tí mo ti ń wọ̀ wọ igbó kí a tó bí ọ, ó ní ilé-iṣẹ́ fẹ́ lò ó fún ìgbà díẹ̀. Mo bọ́ ọ, mo fi ọwọ́ ara mi gbé e fún un. Ọmọ ọdẹ ni ọ́, o mọ ohun tí mo ṣe. N kò ronú. Gbogbo làákàyè mi ti sọ̀ kalẹ̀ sínú bàtà.

Lọ́jọ́ ọjà, ìyá rẹ Aníwúrà gbé pupuru lọ sí Òkìtìpupa. Inú ń run mí lọ́jọ́ náà, orí ẹní ló fi mí sí. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ló rí mi níwájú ṣọ́ọ̀bù Ìyá Lucy, obìnrin tó ń bá ilé-iṣẹ́ náà ta ọjà, mo dúró gbọnin, mo wọ gbérí, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo sì ń rẹ́rìn-ín sí àwọn obìnrin tó ń kọjá. Inú kọ́kọ́ bí i. Ó ní irọ́ ni mo pa pé inú ń run mí, ó bi mí pé ta ni mò ń ṣí eyín sí. Ó bú mi títí, n kò dáhùn. Ìgbà tó fa apá mi ló mọ̀ pé pákó ni. Wọ́n ti sọ fótò mi di gàgàrà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó, wọ́n gé pákó náà bí ara mi ṣe rí, wọ́n wá gbé gbérí mi gan-an wọ̀ ọ́, wọ́n kọjú rẹ̀ sí títì.

Bí Èkó bá ti mú ọ gbàgbé, jẹ́ kí n rán ọ létí. Bí ọdẹ bá kú nílé tiwa, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a ṣe ère rẹ̀, wọn a gbé gbérí tó lò láyé wọ̀ ọ́, wọn a fi ìbọn sí i léjìká, wọn a gbé e dúró lẹ́nu ọ̀nà igbó, kí igbó àti ẹran lè mọ̀ pé òun pẹ̀lú wọn ti parí. Ìpà ọdẹ nìyẹn. A kì í ṣípà fún alààyè. Ìyá rẹ ju pupuru sílẹ̀, ó figbe ta, àwọn ará ọjà bá a sunkún dáadáa kí wọ́n tó rántí bi í pé ta ló kú.

Ó délé, ó bá mi níbi tí mo ti ń jẹun, ó tún figbe ta. Ó ní èwo nínú wa ni ọkọ òun. Ó ti gbọ́ nípa àkúdàáyà, àwọn tó ń kú síbì kan tí wọ́n tún ń jẹun níbòmíràn, ó ní ó lè jẹ́ pé ti Òkìtìpupa lọkọ òun, èyí tó ń jẹun yìí ni òun kò mọ̀. Ó dúró síta, ó ń bi mí ní ìbéèrè nípa ọjọ́ ìgbéyàwó wa. Gbogbo rẹ̀ ni mo dáhùn bó ti yẹ, àfi èyí tó kan àwọ̀ ìró rẹ̀, ló bá gba ilé àbúrò rẹ̀ lọ. Ó ti padà wá báyìí, ṣùgbọ́n bí mo bá ṣèèṣì rẹ́rìn-ín, á dìde.

Mo lọ wò ó fúnra mi. Olúyọmí, n kò sá fún ẹfọ̀n rí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dúró níwájú ara mi, mo fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀. Ó ga tó mi, ara rẹ̀ sì dá ju tèmi lọ. Mo kí i, nítorí n kò fẹ́ rí i fín. Ìyá Lucy ní ọjà ń tà gan-an, ó ní òun fẹ́ràn rẹ̀, kì í ra ọta láwìn bíi ti àwọn ọdẹ yòókù. Mo na ọwọ́ sí ọrùn gbérí náà kí n bọ́ ọ, ọwọ́ mi kọ̀ láti kàn án. Mo wọ mọ́tò padà sílé.

Àlàmú olórí ọdẹ kó àwọn ọdẹ wá bá mi. Wọn kò jókòó. Ó ní àwọn kò lè bá mi wọ igbó mọ́, pé ẹni tí a bá ti ṣípà rẹ̀ tó tún wọ igbó, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè yìnbọn sí i kó rò pé ẹran ni. Mo ní bàtà mi ń pariwo, wọ́n á gbọ́ mi. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Katikíìsì gbàdúrà fún mi, ó ní pákó lásán ni, pé Ọlọ́run kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìpà. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun náà lọ sí Òkìtìpupa, òdì kejì títì ló gbà. Àlàmú ní ọ̀nà kan ló kù. Nílé tiwa, àkọ́bí ọkùnrin ló ń gbé gbérí bàbá rẹ̀ wọ ère, bí wọ́n bá wá gbé e wọ̀ ọ́ láìtọ́jọ́, ọwọ́ àkọ́bí náà nìkan ló lè bọ́ ọ. Kì í ṣe ọwọ́ mi, kì í ṣe ti Vincent, kì í ṣe ti ìjọ. Ọwọ́ rẹ ni.

Vincent dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ mí, ó ní àwọn tiwọn létí òkun kì í ṣe bẹ́ẹ̀, òun kò mọ̀, kí ọmọ mi wá bọ́ ọ nígbàkigbà. Ṣùgbọ́n ó tún sọ ohun tí kò jẹ́ kí n sùn. Ó ní inú àwọn ọ̀gá òun dùn sí mi, wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ sí i nínú mi, wọ́n máa gbé mi dúró ní Ìbàdàn, ní Benin, ní oríṣiríṣi ojú títì l'Ékòó. Ọba gan-an, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń ṣe òkú rẹ̀. Nítorí náà, bí o bá ń lọ síbi iṣẹ́ tí o rí mi lẹ́bàá ọ̀nà, má ké. Má fárí. Má jẹ́ kí ẹgbẹ́ ọmọ Ìkálẹ̀ dá owó ìsìnkú, bí wọ́n bá sì ti dá a, má dá a padà fún wọn, mú un bọ̀, òrùlé wa ń jò.

Jẹ́ kí n sọ èyí tó wà nísàlẹ̀ ikùn mi. Ẹ̀rù ń bà mí, Olúyọmí, kì í sì í ṣe ẹ̀rù pákó nìkan. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ lo ti lọ sí Èkó. Nígbà ogun mo ní ọ̀nà kò dára. Ogun parí, mo ní iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí o wá. Nígbà tí Àlàmú wá ní ìwọ nìkan ló lè bọ́ gbérí yẹn, gbogbo àwọn ọdẹ wolẹ̀, kò sí ẹnì kan tó ní kò burú, pé ọmọ rẹ á wá. Ìyá rẹ náà kò sọ ọ́. Ẹ̀rù bà mí níbẹ̀ ju ìgbà tí mo dúró níwájú ère lọ. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n máa wá ẹni tó máa gbé gbérí mi ní tòótọ́, n kò fẹ́ kí wọ́n wá ọmọ mi títí, kí wọ́n wá ránṣẹ́ pe Vincent.

Wá sílé. Mú owó díẹ̀ lọ́wọ́ fún ẹmu tí àwọn ọdẹ máa mu àti fún páánù, bí kò bá sì sí owó, ṣáà wá bẹ́ẹ̀. Gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, sọ fún un pé bàbá rẹ kú, nítorí bí o bá sọ fún un pé bàbá rẹ wà láàyè tó fẹ́ rí ọ, kò ní jẹ́ kí o wá. Ọlọ́run á dárí rẹ̀ jì wá.

Orí mi yóò máa ṣọ́ ọ. Ilẹ̀ Èkó kò ní gbàgbé pé àlejò ni ọ́, ẹsẹ̀ tó gbé ọ lọ yóò mọ ọ̀nà àbọ̀, ọmọ tìrẹ náà kò ní jìnnà sí ọ nígbà tí o bá ń wá a. Àmín. Bí ilẹ̀ bá ṣú kí o tó dé, má wulẹ̀ sùn sí Òkìtìpupa, a kì í ti ilẹ̀kùn. Mo ti sọ fún ìyá rẹ pé láti ìrọ̀lẹ́ òní lọ, kó máa fi oúnjẹ ẹnì kan kún ìkòkò.

Èmi ni bàbá rẹ,
Zacchaeus Ẹkúndayọ̀.