Àáró Inú Yàrá Ìdánwò

Abà Sàlàkọ́,
Lọ́nà Ìgbòho.

Jùmọ̀kẹ́ ọmọ mi, ìyá Ọlámipọ̀sí,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ọkọ rẹ ń bẹ dáadáa, ṣé eyín ọmọ ti ń hù? Ọlọ́run tó ń mú ọ jáde láàárọ̀ kò ní ṣàì mú ọ wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Ojú ọ̀nà Èkó kò ní mọ orúkọ rẹ, ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ yóò máa rí ọ, yóò máa rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n kọ́kọ́ kọ ọ́ síwájú pé iṣu ṣe dáadáa lọ́dún yìí, pé ewúrẹ́ rẹ dúdú ti bí mẹ́ta, pé ẹsẹ̀ kò dun òun mọ́. Mo ti kọ ọ́ báyìí, kó fi mí sílẹ̀ kí n sọ ọ̀rọ̀ tèmi.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí Bàbá kò pè ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé gbé fún fóònù. Fóònù ti ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí, ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti dùn gan-an ló ti ń gé e, mo sì ti ń fura pé ẹnì kan wà láàárín tó ń mú ibẹ̀ fún ara rẹ̀. Pásítọ̀ Olúwaṣọlá ń bọ̀ l'Ékòó wá ra ẹ̀yà ara ọ̀kadà, òun ni yóò fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́ ní odidi.

O rántí ohun tí àwọn àgbà ìjọ wa kọ láti Ìbàdàn lọ́dún méjì sẹ́yìn, pé pásítọ̀ abà tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ Bíbélì títí ìkórè ọdún yìí, kó fi ìjọ sílẹ̀, àwọn yóò rán ọ̀dọ́ tó kàwé wá rọ́pò rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti ń wàásù níbí. Èmi ni mo gbàdúrà sí bíríkì àkọ́kọ́ ilé ìjọsìn náà, èmi náà ni mo po amọ̀ rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí lẹ́tà yẹn dé, mi ò lè jẹun, ìwọ náà sì sọ fún mi pé kí n kúkú sinmi, kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ yín. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú ọ sọ ọ́, àmọ́ ó dùn mí wọra.

Ìgbà yẹn ni míṣọ́nárì òyìnbó kan dé sí Ìgbòho, Ọ̀gbẹ́ni Áńdérù. Ó ga débi pé kò sí ilẹ̀kùn tí kì í tẹrí ba fún kó tó wọlé, gbogbo ìlú sì ń yìn ín pé òyìnbó yìí lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ́ àwọn pásítọ̀ abà ní Bíbélì, ọjọ́ mẹ́rin lóṣooṣù fún ọdún méjì, lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọbìnrin kan láti Ìbàdàn, Tolúlọpẹ́, ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wa. Àwa mọ́kàndínlógún la forúkọ sílẹ̀, àgbẹ̀ ni gbogbo wa, àfi Olúwaṣọlá tó kéré jù, tó ka ìwé mẹ́wàá tó sì ń tún ọ̀kadà ṣe.

Wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n ní kí oníkálùkù mú fọ́tò méjì wá. Èmi ya ọ̀kan pẹ̀lú fìlà, mo ya èkejì láìdé fìlà, kí wọ́n lè dá mi mọ̀ nílé àti lóde. Wọ́n ní irú kan náà làwọn ń fẹ́. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi èkejì ṣe nígbà náà. Níbi tí wọ́n ti béèrè ọjọ́ ìbí, mo kọ ọ́ pé ọdún tí eéṣú jẹ oko bàbá mi, nígbà tí àgbàdo ń yọ irùkẹ̀rẹ̀. Tolúlọpẹ́ ní kọ̀ǹpútà kò gbà. Mo ní kó rọra bẹ̀ ẹ́.

Wọ́n tún ní ẹ̀rọ kan tó ń da ìwé sára ògiri. Lọ́jọ́ kẹrin ìpàdé wa àkọ́kọ́, obìnrin tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn náà fẹ́ fi ẹfun kun ògiri, mo sì lé e jáde, mo ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ mẹ́rin ló wà lára ibẹ̀. Nípa ti Wásáàpù tí wọ́n kó wa sí, ẹni méjìdínlógún ni mo gbọ́dọ̀ kí láràárọ̀ níkọ̀ọ̀kan, nítorí a kì í wọ àárín àgbà ká dákẹ́. Kí n tó kí ẹni ìkẹyìn tán, ẹni àkọ́kọ́ á ti máa kí mi kú ọ̀sán. Ibẹ̀ ni dátà tí ò ń rà fún mi ń lọ, má pè mí ní onínàákúnàá.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kọ́ wa o. Ohun tó tẹnu mọ́ jù ni pé kí á má máa já ẹsẹ kan ṣoṣo gbà lójú ọ̀nà ká wá máa pariwo lé e lórí. Ó ní ká ka òkè rẹ̀, ká ka ìsàlẹ̀ rẹ̀, ká bi ara wa pé ta ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, kí á tó sọ ọ́ fún ìjọ tiwa. Jùmọ̀kẹ́, mo padà sílé mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìjọ mi lórí ìwàásù mẹ́ta. Àwọn náà ní àwọn ti dárí jì mí tipẹ́, pé àwọn kò rántí wọn.

Báyìí ni ọjọ́ ìdánwò dé. Ìbéèrè márùn-ún ni. Ìkẹrin ló le jù. Ó ní Pọ́ọ̀lù sọ fún àwọn ará Gálátíà pé kí wọ́n máa bá ara wọn gbé ẹrù, kò sì pẹ́ tó tún fi sọ nínú lẹ́tà kan náà pé kálukú yóò gbé tirẹ̀. Kí á ṣàlàyé bí méjèèjì ṣe lè jẹ́ òtítọ́. Mo kọ ohun tí mo mọ̀, èmi sì ni mo kọ́kọ́ parí, o mọ̀ mí lóko. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí Pásítọ̀ Abíọ́nà, ọ̀rẹ́ mi, àgbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó ń gbé ìwé sún mọ́ imú, tó tún ń gbé e jìnnà. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, kò sì sọ fún ẹnì kankan. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà lórí ìwé náà.

Ìwọ náà mọ àáró kó o tó di ará Èkó. Bí a bá pín oko ẹnì kan ro, ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde ní poro tirẹ̀ kì í jókòó sábẹ́ igi máa mu omi. Ó ń padà lọ pàdé ẹni tó kù sẹ́yìn ni. Mo bá dìde, mo lọ jókòó ti Abíọ́nà. Ẹni kejì parí, ó wá. Ẹni kẹta wá. Kò pẹ́ tí àwa méjìdínlógún fi rọ̀gbà yí i ká, ẹnì kan ń kọ, àwọn kan ń jiyàn lórí ohun tó yẹ kó kọ, ẹnì kan sì ń gbàdúrà sí gègé. Ọ̀gbẹ́ni Áńdérù àti Tolúlọpẹ́ ti jáde lọ wo jẹnẹrétọ̀ tó kú. Nígbà tí wọ́n wọlé, a ò tilẹ̀ sá. Èmi gan-an ni mo ní kó sún mọ́ wa, pé ìkẹrin ló kù, pé bóyá òun á lè gbà wá níbẹ̀.

Ojú òyìnbó náà pọ́n. Ó kó gbogbo ìwé wa. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun kan, Tolúlọpẹ́ kò fẹ́ túmọ̀ rẹ̀, a fi dandan lé e kó tó sọ pé olè ló pè wá. Ó ní ìdánwò náà ti bàjẹ́, pé òun yóò kọ̀wé sí Ìbàdàn pé kò sí ẹni tó yege. Ó gun mọ́tò, ó lọ.

Inú bí mi, ọmọ mi. Kò tíì sí ọmọ Sàlàkọ́ tí wọ́n pè lólè rí. Àmọ́ Olúwaṣọlá ló là wá lójú, pé nílé ẹ̀kọ́, jíjí ìwé wò ni wọ́n ń pe ohun tí a ṣe yẹn, pé wọ́n ń torí rẹ̀ lé ọmọ dànù. Mo bi í pé bó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí òun náà wá. Ó ní nígbà tí òun rí i pé gbogbo àgbà ti dìde, ojú ń ti òun láti dá jókòó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti Abíọ́nà àti Olúwaṣọlá lọ bá a níbi tó wọ̀ sí. A dọ̀bálẹ̀. Mo ṣàlàyé àáró fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì fi kún un pé òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ wa pé kí á máa bá ara wa gbé ẹrù. Ó gbọ́ ọ, inú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Ó ní òun rí i pé a kì í ṣe olè, pé kí á foríji òun fún ọ̀rọ̀ yẹn. Ó wá bi mí pé ṣé mo ti ka ìsàlẹ̀ ẹsẹ náà, níbi tó ti ní kálukú yóò gbé tirẹ̀. Ó ní tí gbogbo wa bá jọ ro oko, báwo ni òun yóò ṣe mọ ẹni tó lè ro ó? Pé ní abà, níbi tí ẹnì kan ti ń kú lọ tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, méjìdínlógún kò ní sí nítòsí láti gba Abíọ́nà. Abíọ́nà wolẹ̀.

Òyìnbó ní òun yóò fún wa ní àǹfààní kan sí i. Lọ́jọ́ Sátidé, kálukú yóò mú ìbéèrè kan nínú igbá, yóò dúró níwájú gbogbo ènìyàn, yóò dá kọ́ni fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìwo ìwé, àwọn tó gbọ́ ọ la ó sì bi ní ohun tí wọ́n gbọ́. Ẹni tó bá ṣubú ti ṣubú.

Gbọ̀ngàn kún. Ràmọ́nì tó ń ta iṣu, mùsùlùmí òdodo, náà wá wòran. Èmi ṣe tèmi, mo làágùn. Nígbà tó kan Abíọ́nà, ó ki ọwọ́ bọ inú igbá, Tolúlọpẹ́ ka ohun tó mú: ìbéèrè kẹrin. Ìyá rẹ dì mí lápá mú kí n má baà dìde lọ bá a.

Abíọ́nà bi àwọn èèyàn pé bí a bá ń lọ sí àáró, ta ní ń mú ọkọ́ wá. Wọ́n ní kálukú ní ń mú tirẹ̀. Ó bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti rí ẹni tó wá sí àáró lọ́wọ́ òfo rí. Wọ́n ní rárá o, ìtìjú ńlá ni. Ó ní ó dáa, ohun tí Pọ́ọ̀lù ń sọ nìyẹn. Oko ni ẹrù tí ẹnì kan kò lè dá gbé, ọkọ́ sì ni ẹrù tí ẹlòmíràn kò lè bá ọ gbé. Ìgbàgbọ́ rẹ, òtítọ́ rẹ, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tó wà ní àyà rẹ, ọkọ́ rẹ nìyẹn, o kò gbọ́dọ̀ wá yá a lójú oko. Ó yíjú sí ibi tí ohùn Ọ̀gbẹ́ni Áńdérù ti ń wá tẹ́lẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ ìdánwò, àwọn ará òun kò jalè, oko òun ni wọ́n rò pé àwọn wá bá òun ro. Ṣùgbọ́n olùkọ́ náà kò ṣìnà, nítorí ọkọ́ òun ni wọ́n dì mú. Ó ní ojú òun ló fọ́, ọkọ́ òun kò sọnù, òun nìyí pẹ̀lú rẹ̀.

Tolúlọpẹ́ túmọ̀ rẹ̀ dé ààbọ̀, ẹkún gbà á. Òyìnbó dúró dè é, nígbà tó gbọ́ ìyókù, ó jókòó, ó bo ojú. Wọ́n bi Ràmọ́nì ní ohun tó gbọ́. Ó tún gbogbo rẹ̀ sọ láìfi ìkankan sílẹ̀, ó ní òun yóò sọ ọ́ fún Lèmọ́ọ̀mù. Èmi tí n kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wàásù jù mí lọ, èmi ni mo kọ́kọ́ dìde pàtẹ́wọ́.

Gbogbo wa la yege, Jùmọ̀kẹ́! Mọ́kàndínlógún, kò sí èyí tó bọ́ sílẹ̀. Abíọ́nà ló ṣe ipò kìíní. Èmi ṣe ipò kọkànlá, àmọ́ ìwọ kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún àbúrò rẹ. Ìbàdàn ti gbọ́, wọ́n ti kọ̀wé pé kò sí ẹni tí àwọn yóò rán wá mọ́.

Nítorí náà mi ò lè wá máa gbé l'Ékòó. Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe ni kí o fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kí á fi mú Abíọ́nà lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú ní Ṣakí. Kí o fi ti dátà sí i, ìkíni ti pọ̀ sí i láti ìgbà tí a ti yege. Bí o bá sì fi owó ránṣẹ́, sọ fún báǹkì rẹ kí wọ́n kìlọ̀ fún obìnrin oní-POS Ìgbòho. Owó gbígbó tó ti ya ló kó fún mi lẹ́ẹ̀kan tó lọ, mo dá a padà, mo ní ọmọ mi kì í fi irú èyí ránṣẹ́ sí mi, kó lọ wá tèmi gan-an.

Lọ́jọ́ Àìkú mo gbé ìwé ẹ̀rí náà lọ sí ilé ìjọsìn. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀wé, wọ́n ní kí n jẹ́ kó yí ká kí àwọn fọwọ́ kàn án. Ó funfun nígbà tó kúrò lọ́wọ́ mi. Nígbà tó padà dé, ọwọ́ elùbọ́ wà lára rẹ̀, àti ọwọ́ epo, àti àtàǹpàkò ọmọ kan tó ń jẹ mọ́ínmọ́ín, ti ìyá rẹ sì wà láàárín gbùngbùn. Olúwaṣọlá ní ẹnì kan wà ní Ìgbòho tó lè fi kọ̀ǹpútà nu gbogbo rẹ̀ kúrò kó tún mọ́ tónítóní. Mo ní kó má dán an wò. Àwọn ló ni pásítọ̀.

Ọlọ́run tó dá mi láre níwájú ènìyàn yóò dá ìwọ náà láre. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní já sí asán, ọmọ rẹ yóò gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu, ìwọ yóò wálé wá bá wa láyọ̀, ìwọ kò ní wá fi ẹkún wálé. Àmín, àṣẹ Olúwa.

Èmi ni bàbá rẹ,
Mákánjúọlá Sàlàkọ́,
Pásítọ̀ Abà Sàlàkọ́, lónìí, lọ́la, títí Ọlọ́run yóò fi pè mí.